Ẹ Má Kì Mí Mọ́

Bí ẹ bá ti jẹ mọ́ínmọ́ín ní Rumuokwuta ní Port Harcourt rí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ẹ̀rọ Memunat ló lọ ẹ̀wà rẹ̀. Etí ọ̀nà Ikwerre ni àtíbàbà rẹ̀ wà, lẹ́yìn àwọn tó ń ta táyà, níbi tí èéfín ọkọ̀ àti ata rodo ti ń du imú ènìyàn mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ní. Faruk ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ wẹ́dà ní èbúté Onne kí ọlọ́jọ́ tó dé bá a, ló ra ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní àlòkù lọ́wọ́ àwọn tó ń tú ẹrù ọkọ̀ ojú omi. Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà kan ti sán nígbà tó rà á. Faruk fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó o pọ̀, ojú ibẹ̀ sì wú sókè bí àpá ọgbẹ́ tó jiná.

Ẹ́ńjìnnì yìí kì í jí lẹ́ẹ̀kan. Tí Memunat bá fa okùn rẹ̀ láàárọ̀, á wúkọ́, á dákẹ́, á tún wúkọ́, kó tó wá pinnu pé òun á ṣiṣẹ́. Belema, obìnrin Kalabari tó ń lọ ẹ̀gúsí àti ẹ̀wà ní ìṣọ̀ tó kangun sí tirẹ̀, kì í jẹ́ kó kọjá lọ láìdá àpárá. Á ní, "Mama Hamda, your husband don start to cough o. Give am medicine." Gbogbo àwọn tó wà nítòsí á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí Faruk kú, Belema dá àpárá náà dúró fún ìgbà díẹ̀, ó ń ṣọ́ ẹnu. Memunat ló fúnra rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó máa ṣe é lọ. Ó fẹ́ràn kí ẹnì kan máa wúkọ́ nítòsí òun láàárọ̀.

Ọdún tí sójà gbé ìjọba fún alágbádá ni Faruk mú un kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Port Harcourt, ìyàwó tuntun tí kò gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni. Ohun tí rédíò ń sọ lọ́dún náà ni pé ìyà ti tán. Memunat gbà á gbọ́, ọmọdé ṣáà ni. Láti ìgbà náà ni ìjọba kan ti ń lọ tí òmíràn ń bọ̀, tí gbogbo wọn sì ń bẹ aráàlú pé kí wọ́n ṣe sùúrù díẹ̀ sí i. Bó bá jẹ́ pé sùúrù ni wọ́n ń kó gba Onne lọ sókè òkun ni, orílẹ̀-èdè yìí ì bá ti lówó tipẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún ààrẹ tuntun lọ́dún 2023, ó là á mọ́lẹ̀ pé owó tí ìjọba fi ń ran epo lọ́wọ́ ti dópin. Kí ọ̀rọ̀ náà tó tutù, ilé epo tó wà ní oríta Rumuokwuta ti fi ẹ̀wọ̀n dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣí i, iye tó wà lójú ẹ̀rọ epo ti di ohun tí ènìyàn ń nu ojú kó tó wò. Àtúntò ni wọ́n pè é. Wọ́n ní ó máa dun ènìyàn díẹ̀, lẹ́yìn náà ó máa dára. Wọn kò sọ ẹni tó máa dùn àti ẹni tó máa dára fún, ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n.

Àwọn alọta ni epo kọ́kọ́ rí bá jà. Bí wọ́n bá fi owó kún iṣẹ́ wọn, oníbàárà á bú wọn. Bí wọn kò bá fi kún un, epo á jẹ èrè wọn tán. Obìnrin tó máa ń gbé ata kún abọ́ ńlá wá tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e wá nínú agolo mílíìkì. Àwọn mìíràn padà sídìí ọlọ tí wọ́n ti jù sẹ́yìnkùlé. Hàmdálàt, ọmọ kan ṣoṣo tí Memunat bí, ti gba ìwé pé kó wá sí ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe. Láti inú ẹ̀rọ yẹn ni ìyá rẹ̀ sì ti ń wo bí ó ṣe máa lọ. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ dákẹ́ nìyẹn.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ rí báyìí ni Aláàjì Shamsudeen yà sí àtíbàbà rẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun náà, ó sì jùyẹn lọ, nítorí ọmọbìnrin ilé Memunat ni ìyá tó bí i. Bọ̀dá ni Memunat ń pè é. Ẹ̀yà ara mọ́tò ló ń tà ní Rumuokwuta kí òṣèlú tó wọ̀ ọ́ lára. Nígbà ìbò, òun ló ń ti ìṣọ̀ bọ́ sí ìṣọ̀, tó ń bẹ àwọn ọmọ Yorùbá pé kí wọ́n jáde. Lẹ́yìn ìbò, wọ́n fún un ní káàdì kan tó ń gbé kọ́rùn, ó kó lọ sí àdúgbò Elekahia, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ènìyàn rere ṣì ni lójú Memunat. Nígbà tí Faruk kú, òun ló dúró tì wọ́n títí wọ́n fi sin ín.

"Àníkẹ́," ó ní, ó ń fi etí agbádá nu àga kó tó jókòó, "ìyà epo ti parí. Ètò kan ti dé fún ẹ̀yin alọta. Ẹ̀rọ tó ń lo oòrùn ni wọ́n máa fún yín. Kò ní í mu epo, kò ní í pariwo."

"Alhamdulillahi. Kí ni wọ́n fẹ́ ká ṣe, Bọ̀dá?"

"Pàṣípààrọ̀ ni. Ẹ máa kó ti àtijọ́ sílẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé alọta ni yín lóòótọ́, kì í ṣe àwọn tó kàn fẹ́ jẹ níbẹ̀. Kí oṣù yìí tó parí, tuntun á ti dé."

Hàmdálàt ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Port Harcourt ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Pidgin ni ọ̀rọ̀ fi ń yá a lẹ́nu. Ó gbójú sókè. "Alhaji sir, make una bring the new one first. If we see say e dey work, una go carry the old one."

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ lé e ni, n kì bá ní ìtàn kankan láti sọ. Ṣùgbọ́n Aláàjì kàn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ Port Harcourt, wọn kì í fọkàn tán ẹnikẹ́ni níbí." Ó wá yí ojú sí ìyá, ó gbé ohùn sílẹ̀ sí ohùn ilé, ohùn àwọn àgbà tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í.

"Àníkẹ́, ọmọ Afọkọ́tọrẹ.
Ọmọ alágbẹ̀dẹ tí í rọ ọkọ́ fún gbogbo ìlú.
Òjò àkọ́rọ̀ ṣú, àlejò dé, ó ní òun ò ní ọkọ́.
Baba yín ò bi í léèrè ilé, kò bi í léèrè ọ̀nà.
Ó yọ ọkọ́ èjìká rẹ̀, ó ní, máa mú un lọ."

Ẹni tí kò bá kúrò nílé rí kò lè mọ ohun tí oríkì ń ṣe fún ará àjò. Nílé, wọn a máa kì ọ́ láàárọ̀, o ń jẹ́ "oo", o ń gbálẹ̀ rẹ lọ. Ní Port Harcourt, Mama Hamda ni wọ́n ń pe Memunat, tàbí Madam, tàbí Customer, tí inú bá sì bí wọn, Yoruba woman. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni oríkì ń dé etí rẹ̀, ìyẹn láàárọ̀ Iléyá tí ìyá rẹ̀ bá pè é lórí fóònù. Ìtàn tó wà nínú oríkì náà kì í sì í ṣe ìtàn lásán. Òótọ́ ni baba ńlá wọn fi ọkọ́ kan ṣoṣo tó kù fún un ta àlejò lọ́rẹ, tó sì yá ọkọ́ ọlọ́kọ́ roko lọ́dún náà. Láti ìgbà yẹn ni ó ti di èèwọ̀ ìtìjú nílé wọn kí ẹni tó wá tọrọ nǹkan dúró níwájú wọn kí wọ́n ní kó kọ́kọ́ mú ẹ̀rí wá. Ohun tí wọ́n fi ń bú ọmọ tó bá ṣahun ni pé, "Ṣé ọmọ Afọkọ́tọrẹ ni ọ́ ṣá?"

Orí Memunat wú. Omi kún ojú rẹ̀. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "Hàmdálàt, pa ẹnu mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ̀rọ̀, o ń bi í léèrè ẹ̀rí."

Belema kò gbọ́ ohun tí wọ́n kì, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń gbà. Nígbà tí Aláàjì lọ tán, ó nu ọwọ́ sí ìdí ìró rẹ̀, ó ní, "Mama Hamda, person wey wan dash you something no dey first collect your own. My engine dey drink fuel like drunkard, but e dey here. I no dey give anybody." Memunat wò ó, ó sì káàánú rẹ̀ nínú ara rẹ̀. Ó rò pé nítorí kò ní ènìyàn nílé ìjọba ló ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Kò fẹ́ pè é ní ìlara, ṣùgbọ́n ìlara ló rò.

Kò sì mọ sórí ara rẹ̀ nìkan. Bilkis, ọmọ Ọ̀fà kan tó ń lọ ata ní òdìkejì oríta, wá bá a pé òun ń ṣiyèméjì. Ọmọ wẹ́wẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì tíì pẹ́ tó ra ẹ̀rọ tirẹ̀. Memunat ní, "Èmi ni mo dúró fún Bọ̀dá. Ọmọ ilé wa ni." Bilkis ní bó bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ máa wá kó wọn, Memunat fi ọṣẹ àti kànìnkànìn wẹ ẹ́ńjìnnì náà títí àwọ̀ rẹ̀ fi hàn. Ó fi epo díẹ̀ pa ibi tí Faruk jó, kó má baà dípẹtà. Àwọn tó gbé e sórí ọkọ̀ kò tilẹ̀ rọra gbé e. Aláàjì fún un ní ìwé kékeré kan, ó ṣàdúrà fún un, ọkọ̀ ṣí. Àyè ẹ̀rọ náà nínú àtíbàbà fẹ̀ ju bí ó ṣe rò lọ.

Oṣù náà parí. Òmíràn tẹ̀ lé e. Aláàjì ní ẹrù ti gúnlẹ̀ sí Onne, àwọn aṣọ́bodè ni kò tíì tú u sílẹ̀. Nígbà tó tún yá, ó ní ìwé wà ní Àbújá. Nígbà tí ìyẹn gbó, ó ní àwọn ọ̀gá òṣèlú ìpínlẹ̀ ń fa ara wọn láṣọ ya, ẹni tó máa fọwọ́ sí i kò mọ ẹgbẹ́ tí òun máa wà. Èyí kì í ṣe irọ́ pátápátá, rédíò ń sọ ìjà náà lójoojúmọ́. Irọ́ tí ó ní òótọ́ díẹ̀ nínú ló máa ń pẹ́ lára ènìyàn jù. Nígbà tó yá, Aláàjì kò gbé fóònù mọ́.

Hàmdálàt kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ó lọ ń bá obìnrin kan di irun ní ẹ̀gbẹ́ oríta, kò sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Mo sọ fún yín." Ìyá rẹ̀ ì bá fẹ́ kó sọ ọ́. Memunat ń gba ẹ̀wà àwọn oníbàárà rẹ̀, ó ń gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ Belema, ó ń gbé e padà. Owó tó ń kù sí i lọ́wọ́ kò ju ti ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ lọ. Ó ṣì ń gbèjà Aláàjì níwájú ènìyàn. Ó ní ìjọba ni kò dára, pé Bọ̀dá òun kò mọ̀ sí i.

Bilkis wá jókòó tì í ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Kò pariwo, kò sì ṣépè. Ó ní, "Ìyá Hàmdálàt, n kò mọ Aláàjì rí láyé mi. Ẹ̀yin ni mo mọ̀." Ó jókòó díẹ̀ sí i, ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó lọ. Memunat kò lè jẹun ní ọjọ́ náà. Nígbà tó di Sátidé, ó ní kí Hàmdálàt wọ bàtà, kí wọ́n lọ sí Elekahia.

Wọn kò tíì dé ẹnu ọ̀nà ilé Aláàjì tí wọ́n fi gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ògiri, ẹnì kan fa okùn. Nǹkan wúkọ́. Ó dákẹ́. Ó tún wúkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Memunat dúró. Hàmdálàt di apá rẹ̀ mú. "Mama," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré, "na Papa be that."

Wọ́n ti géètì, wọ́n wọ inú ọgbà. Kànga ẹ̀rọ ni Aláàjì gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ó ń ta omi fún àdúgbò, nítorí iná ọba ti di ohun tí wọ́n ń yọ́jú wò ní Elekahia. Àwọn ènìyàn to kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Láàárín wọn ni ẹ́ńjìnnì Faruk wà, ó ń fa omi, ó ń gbọ̀n. Wọ́n ti da sìmẹ́ńtì bo ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má baà ṣípò. Àpá jíjó yẹn yọ ìdajì sókè nínú sìmẹ́ńtì, bí ìgbà tí ènìyàn rì sínú ẹrẹ̀ tí orúnkún rẹ̀ kù síta.

Aláàjì jáde nínú jàlàbíà funfun. Nígbà tó rí wọn, ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà ó wá fi ara balẹ̀. Ó ní kí wọ́n wọlé kí wọ́n jẹun. Memunat ní òun á dúró síbẹ̀.

"Àníkẹ́, àwọn ẹ̀rọ tuntun dé lóòótọ́," ó ní. "Ojú mi ni mo fi rí wọn. Àwọn ọ̀gá pín wọn láàárín ara wọn. Wọ́n ní èmi ti jẹ tèmi nígbà ìbò. Kí ni mo jẹ? Ṣọ́ọ̀bù mi ni mo tà tí mo fi bá wọn polongo. Wọ́n dà mí, Àníkẹ́. Wọ́n lò mí tán, wọ́n jù mí nù."

"Ẹ̀rọ Bilkis ńkọ́?"

"Mo ti tà á. Mo ta ti àwọn yòókù pẹ̀lú, àwọn ará Onne ló rà wọ́n. Èmi náà gbọ́dọ̀ jẹun. Tìrẹ nìkan ni n kò tà, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ Faruk wà lára rẹ̀." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń retí kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ òun.

Gbogbo àwáwí tó ti bá ọkùnrin yìí ṣe níwájú ènìyàn rọ́ wá sọ́kàn rẹ̀. Ó dùn ún ju ẹ̀rọ lọ pé òun ló fi ẹnu ara òun tún irọ́ náà ṣe. "Wọ́n dà yín níwájú," ó ní, "ẹ wá yíjú padà, ẹ wo ẹ̀yìn, ẹ rí i pé èmi ni mo dúró síbẹ̀." Ó tún ní, "Ẹ bá mi tú u."

"Ó ti wọ sìmẹ́ńtì. Tí wọ́n bá ń gbẹ́ ẹ, ibi tó jó yẹn á ṣẹ́."

Ó tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan àpá náà. Ó gbóná. Aláàjì kò parọ́ ní ti èyí, ọwọ́ kan tí wọ́n bá fi òòlù kàn án, ó máa ṣẹ́. Ó dìde láìgbé ohunkóhun. Gbogbo ọ̀nà títí wọ́n fi délé ni Hàmdálàt ń tẹnu mọ́ ọn pé àgọ́ ọlọ́pàá ló kàn.

Ibẹ̀ ni wọn ì bá gbà, bí kò bá jẹ́ àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ta ni ó sọ fún wọn, n kò mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dé ilé Memunat kó tó bọ́ ìbọ̀rí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilé ni. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká tún ṣọ̀rẹ́, pé ṣé ó fẹ́ kí àwọn onílẹ̀ máa fi ọmọ Yorùbá ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Wọ́n ní kó jẹ́ kí ìpàdé ọjọ́ Àìkú bá a dá sí i. Memunat tún gbà. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ láti kékeré ni pé kí ó gba àgbà gbọ́.

Nínú pálọ̀ bàbá ẹgbẹ́ ni ìpàdé ti wáyé. Memunat ro ẹjọ́ tẹnu rẹ̀. Aláàjì kò jiyàn. Ó yọ fìlà, ó na gbalaja sórí ilẹ̀ pẹ̀lú jàlàbíà funfun rẹ̀, ó sì wú gbogbo ilé lórí. Wọ́n ní ọkùnrin tó tó báyìí, tó tún jẹ́ Aláàjì, tó dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin, kí ló tún kù? Bàbá ẹgbẹ́ dájọ́ pé kó ra ẹ̀rọ mìíràn fún un nígbà tí Ọlọ́run bá ṣí ọ̀nà. Wọ́n ṣe àmín.

"Bilkis ńkọ́?" Memunat béèrè.

Wọ́n wo ara wọn. Bàbá ẹgbẹ́ ní, "Èwo ni Bilkis? Bilkis kì í ṣe ọmọ wa. Jẹ́ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ bá a wá tirẹ̀."

Kó tó lè fèsì, ohùn ti dìde láti ilẹ̀. Aláàjì ṣì dọ̀bálẹ̀, ó ti ń kì í.

"Àníkẹ́, ọmọ Afọkọ́tọrẹ. Ọmọ alágbẹ̀dẹ tí í rọ ọkọ́ fún gbogbo ìlú…"

Àwọn àgbà ń mi orí, wọ́n ń ní "hẹ̀n-ẹ́n, hẹ̀n-ẹ́n," ojú wọn ń dán. Ohun tó ba Memunat lọ́kàn jẹ́ jù ni pé ara òun náà dìde. Orí rẹ̀ wú lẹ́ẹ̀kan sí i, gan-an bó ṣe wú nínú àtíbàbà lọ́jọ́sí, bí ẹni pé ara rẹ̀ kò gbọ́ gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Inú bí i sí ara rẹ̀. Ó dìde dúró.

"Ẹ má kì mí mọ́," ó ní.

Aláàjì gbé orí sókè láti ilẹ̀. "Àníkẹ́, ọmọ Afọkọ́tọrẹ ni èmi náà. Ilé kan náà ni wá."

"Ẹ mọ̀ ọ́n kì, ẹ kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Afọkọ́tọrẹ fi ọkọ́ tirẹ̀ tọrẹ. Tèmi ni ẹ̀yin fi tọrẹ, ẹ sì fi ti Bilkis lé e." Ó gbé gèlè rẹ̀. Wọ́n ní kó jókòó, kó sọ pé ó ti tán kó tó lọ, nítorí ẹni tí wọ́n bá dọ̀bálẹ̀ fún gbọ́dọ̀ sọ pé ó ti tán. Kò sọ ọ́. Títí di òní, tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́, alágídí ni wọ́n ń pè é. Aláàjì ṣì ń jókòó níwájú nínú ìpàdé wọn, ó sì ṣì ń ta omi.

Belema kò sọ pé òun ti wí bẹ́ẹ̀. Ó kàn tò ó pé láti ọ̀sán lọ, kí Memunat máa dúró sídìí ẹ̀rọ òun, kí òun lè máa lọ sinmi ẹsẹ̀ tó ń dun òun. Ẹsẹ̀ tí n kò gbọ́ pé ó ń dùn ún rí tẹ́lẹ̀. Ohun tí Memunat bá rí níbẹ̀, ó ń pín in pẹ̀lú Bilkis, bó ti wù kó kéré tó. Bilkis ń gbà á, kì í sì í bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Iléyá dé. Lẹ́yìn ìrun, Memunat àti Hàmdálàt kọ́kọ́ ya àtíbàbà, nítorí àwọn tó ra ẹran ń wá lọ ata. Fóònù dún. Ìyá rẹ̀ ni, láti Ògbómọ̀ṣọ́, ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n díẹ̀ ju ti ọdún tó kọjá lọ. Ó béèrè àlàáfíà, ó béèrè ọmọ, ó béèrè iṣẹ́. Memunat ní gbogbo rẹ̀ ń lọ. Kò sọ ohun tí Aláàjì ṣe fún un rí, torí pé bóyá ni ìyá rẹ̀ máa gbà pé ọmọ tí ọmọbìnrin ilé àwọn bí ló ṣe é. Ìyá rẹ̀ fọ ọ̀nà ọ̀fun, bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún.

"Àníkẹ́," ó ní. "Àníkẹ́ mi, ọmọ Afọkọ́tọrẹ. Òjò àkọ́rọ̀ ṣú, àlejò dé…"

Memunat gbé fóònù kúrò létí. Kì í ṣe ohùn ìyá rẹ̀ ló ń gbọ́ mọ́. Ohùn ẹni tó dọ̀bálẹ̀ ló ń gbọ́, àti ẹ́ńjìnnì tó ń wúkọ́ lẹ́yìn ògiri. Ó gbé e padà sétí, ó ní, "Ìyá, netiwọ́ọ̀kì ò dára, mo máa pè yín padà." Ó pa á. Netiwọ́ọ̀kì dára. Kò parọ́ fún ìyá rẹ̀ rí kó tó di ọdún yìí.

Nígbà tó gbójú sókè, Hàmdálàt dúró tì í, ó di abọ́ ata mú, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

"Why you cut am?" ó béèrè. Ó wá yí ahọ́n padà, ó ń wá Yorùbá náà ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. "Mo fẹ́ gbọ́ ọ. Àlejò yẹn tó wá gba ọkọ́… kí ni baba ńlá wa ṣe fún un?"

Memunat gba abọ́ ata lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa okùn ẹ́ńjìnnì Belema. Ó jí lẹ́ẹ̀kan náà, kò wúkọ́ rárá.